Àkàrà Wà Níbẹ̀ Lóòótọ́, Ṣùgbọ́n Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè Edé

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Houston là ń gbé, kò tíì pé ọdún kan tí a dé. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ọkọ mi júwe ilé oúnjẹ kan fún un tí wọ́n ti ń se oúnjẹ Bùràsíìlì pọ̀ mọ́ ti Mẹ́síkò, ibẹ̀ ló sì fẹ́ ká ti ṣe àjọ̀dún ìgbéyàwó wa. Mo wo mẹ́nù wọn lórí fóònù, mi ò dá nǹkan kan mọ̀ níbẹ̀ àfi ìrẹsì. Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Edé kì í bá mi lára mu, ẹnu mi á wú ni. Ìyá ọkọ mi náà wà lọ́dọ̀ wa báyìí, wọ́n á bá wa lọ, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ tí kò bá lata, wọn kì í fẹnu kàn án. Ẹnìkan tún ní wọ́n ń ta àkàrà níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Kí la lè jẹ tí ọjọ́ náà ò fi ní bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́?" Ìyá Ìbejì ló kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọdún ìgbéyàwó o, ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Ibi àkàrà ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló lè kó bá yín jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Acarajé ni wọ́n ń pè é, àkàrà wa náà ni: ẹ̀wà olójú dúdú tí wọ́n bó, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí, tí wọ́n wá dín. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Bùràsíìlì ló gbé e débẹ̀, orúkọ rẹ̀ ò sì fi ibi tó ti wá pamọ́: "àkàrà" ni, "jẹ" ló tẹ̀lé e. Lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ibẹ̀, oúnjẹ Ọya ni, Iansã ni wọ́n ń pe Ọya. Àwọn obìnrin tó ń dín in lẹ́bàá títì ní Salvador, olú-ìlú Bahia, tí wọ́n ń wọṣọ funfun, tí wọ́n ń wé gèlè, ìjọba Bùràsíìlì ti kọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sínú ìwé ogún ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà láti 2005.

Obìnrin ará Salvador kan wà tí a jọ ṣiṣẹ́ rí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi dúró nídìí iná nílé ẹran Bùràsíìlì kan ní Texas níbí kí n tó máa se oúnjẹ òde àríyá fúnra mi. Lọ́jọ́ tí obìnrin náà kọ́kọ́ dín in fún wa jẹ lẹ́yìn iṣẹ́, mo dúró tì í. Igi orógùn gígùn ló fi ń po ẹ̀wà lílọ̀ náà, ó pò ó pò ó títí ó fi fúyẹ́, tó funfun bí òwú. Ó ju odindi àlùbọ́sà kan sínú epo pupa tó ń hó, ó ní òun ni kì í jẹ́ kí epo jóná. Kó tó dín àwọn ńlá, ó dín kéékèèké bíi mélòó kan sọ́tọ̀. Mo bi í pé ta ló ni ìwọ̀nyẹn. Ó ní ti Exu ni. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní, "Èṣù tiwa?" Ó wò mí bí ẹni tí mo fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àkàrà yẹn kì í ṣe èyí tí à ń fi mu ògì láàárọ̀. Ó tóbi tó ẹ̀ṣẹ́ àgbàlagbà. Wọ́n á là á láàárín bí ẹni la búrẹ́dì, wọ́n á wá kó nǹkan sínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń kìlọ̀ sí. Àkọ́kọ́ ni vatapá: búrẹ́dì rírẹ, ẹ̀pà, kajú, wàrà àgbọn, epo pupa, àti edé gbígbẹ lílọ̀. Èkejì ni caruru, ìyẹn ilá gígé tí wọ́n fi epo pupa àti edé gbígbẹ sè. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á tún fọ́n odindi edé lé e lórí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni edé wọnú àkàrà kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ní kí wọ́n má kó nǹkan kan sí i ńkọ́? Alásè mìíràn ń lọ edé mọ́ ẹ̀wà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Abará sì wà, ẹ̀wà kan náà tí wọ́n pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sè bí ọ̀lẹ̀lẹ̀, edé ń bẹ nínú ìyẹn dandan. Epo tí wọ́n fi dín edé láàárọ̀ sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n fi dín àkàrà yín lálẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìyá àti bàbá àwọn ọmọ jẹ ẹ́. Ẹ̀yin, ẹ má tọ́ ọ wò. Bí dókítà bá ti fún yín ní oògùn tàbí abẹ́rẹ́ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ mú un dání. Bí ẹ bá ti jókòó, kí ẹ tó gba omi pàápàá, ẹ sọ fún ẹni tó ń gbé oúnjẹ pé edé máa ń ba ara yín jẹ́, kó lọ sọ fún àwọn tó wà nídìí ààrò. Camarón ni wọ́n ń pè é lédè Sípáníìṣì, camarão ni lédè Potogí, ẹ ó dá a mọ̀ lórí mẹ́nù nínú èdè méjèèjì.

Kẹ́ ẹ má bàa ní mo ba caruru lórúkọ jẹ́, ẹ̀yin gan-an lẹ bá a tan jù. Ní Bahia, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, wọ́n máa ń ṣe ọjọ́ Cosme àti Damião, àwọn ẹni mímọ́ ìbejì nínú ìjọ Àgùdà, tí àwọn èèyàn wa fi bo Ìbejì tiwọn mọ́lẹ̀ láyé ẹrú. Ìkòkò caruru ńlá ni wọ́n ń gbé kaná lọ́jọ́ náà. Ọmọ kékeré méje ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń bù fún kí àgbàlagbà kankan tó fọwọ́ kàn án. Ìtàn lẹ ó fi ṣe, kì í ṣe oúnjẹ.

Ohun tí àkàrà yìí kọ́ mi ni n ó fi dáhùn ìyókù ìbéèrè yín. Ní ilé oúnjẹ yẹn, ohun tó bá ṣàjèjì sí yín lójú kì í sábà ní ẹ̀tàn nínú. Ohun tó bá jọ ti ilé ni kí ẹ bi wò dáadáa. Ara ohun tó jọ tiwa ni ẹlẹ́dẹ̀ máa ń sá pamọ́ sí jù.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣàwámà. Ẹ ó rí ẹran tó dúró lórí irin, tó ń yí níwájú iná, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gígùn ré wẹ́wẹ́. Ẹ ó ní, àá, ṣàwámà rèé. Ẹ ò jayò pa: àwọn ará Lẹ́bánónì tó ṣí lọ sí Mẹ́síkò ló gbé irin yíyí yẹn débẹ̀, bí àwọn ará wọn ṣe gbé ṣàwámà wá bá wa nílé. Àmọ́ nígbà tí ọwọ́ àwọn ará Mẹ́síkò tẹ̀ ẹ́, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n kó sórí rẹ̀, wọ́n fi ata pupa àti achiote, hóró kan tó ń pọ́n oúnjẹ, pa á lára, wọ́n sì gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó lé e. Al pastor lorúkọ rẹ̀. Ẹ fò ó.

Ẹ ó tún rí nǹkan pélébé, tó pọ́n, tó wú, tó ń ró kàù lẹ́nu. Ìyá lè ní pọ̀nmọ́ díndín ni. Chicharrón ni, awọ ẹlẹ́dẹ̀. Carnitas, ẹlẹ́dẹ̀ ni. Chorizo àti linguiça, ìyẹn sọ́séèjì wọn, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Feijoada, ìkòkò ẹ̀wà dúdú tí gbogbo Bùràsíìlì fi ń yangàn, etí ẹlẹ́dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìrù rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n á gé ọsàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè dín ọ̀rá kù lẹ́nu. (Ọmọ ìyá feijoada tí ẹ lè jẹ wà nílé wa lọ́hùn-ún: frejon tí àwọn Àgùdà Èkó ń jẹ ní Good Friday, ẹ̀wà àti wàrà àgbọn, kò sí ẹran kankan nínú rẹ̀. Àwọn tó padà dé láti Bahia ló kó o wálé, láti ara "feijão", ọ̀rọ̀ Potogí fún ẹ̀wà, ni orúkọ náà ti wá.)

Àwọn tí mo ti kà yẹn, ojú ṣì lè rí ẹlẹ́dẹ̀ nínú wọn. Èyí tí ojú ò lè rí ló le. Ẹ̀wà rírò ti Mẹ́síkò, tó rí bí ẹ̀wà tí wọ́n fi orógùn rò kúnná nílé, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ alásè fi ń dín in. Tamales, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n dì sínú háhá àgbàdo tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n sè lórí omi gbígbóná bíi mọ́ínmọ́ín gẹ́lẹ́, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ yìí náà ni wọ́n fi ń pò ó kó lè rọ̀. Kí ẹ bi wọ́n pé, "Is there lard in it?" Bí ẹni tó ń dá yín lóhùn bá jẹ́ ará Mẹ́síkò, manteca ni kí ẹ pè é, yóò yé e kíákíá. Bó bá wá jẹ́ ará Bùràsíìlì, ẹ ṣọ́ra: manteiga lọ́dọ̀ tiwọn, bọ́tà lásán ni. Banha ni ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ lédè wọn. Mo ti rí i tí èèyàn méjì fi ọ̀rọ̀ kan yìí jà nílé ìdáná kan náà, tí ọ̀kan ń wá bọ́tà, tí èkejì gbé ike ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Gaàrí wọn ńkọ́? Farofa nìyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Gbágùúdá rírin tí wọ́n fún, tí wọ́n yan gbẹ, tí wọ́n wá fi bọ́tà àti àlùbọ́sà dín nínú agbada. Bí ẹ bá bu díẹ̀ sẹ́nu, ẹnu á kọ́kọ́ máa wá kíkan gaàrí Ìjẹ̀bú, kò sì ní rí i, torí èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn kì í sùn nínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kó tó dé iná bíi tiwa. Wọn kì í tẹ̀ ẹ́, wọn kì í mu ún. Wọ́n ń bù ú wọ́n orí ẹ̀wà àti ẹran ni, bí àwa ṣe ń da gaàrí sórí ẹ̀wà ríro. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kó lè ta sánsán. Ẹ bèèrè èyí tó jẹ́ bọ́tà nìkan. Wọ́n sábà máa ń ní in, bí wọn ò bá sì ní in, kì í gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láti dín òmíràn.

Ọ̀rọ̀ hàláàlì, orí fóònù lẹ ó ti yanjú rẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ pè wọ́n, ẹ bi wọ́n níbo ni wọ́n ti ń ra ẹran. Bí wọn ò bá lè dáhùn, ẹja ni kí ẹ gbájú mọ́, n ó sọ nípa rẹ̀ láìpẹ́. Bí wọ́n bá ní hàláàlì ni màlúù àwọn, ó ku nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún oníbàárà: ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n fi ń gé linguiça tí wọ́n fi ń gé màlúù, irin ẹlẹ́dẹ̀ sì lè wà lókè irin màlúù lórí iná, kí ọ̀rá máa kán sílẹ̀. Èmi fúnra mi ti to irin bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Ẹ ní kí wọ́n gé tiyín láti inú ilé ìdáná pẹ̀lú ọ̀bẹ tó mọ́, kí wọ́n gbé e wá sínú àwo. Ẹ tètè dé pẹ̀lú. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí èrò ò tíì pọ̀, wọ́n á ráyè tiyín. Ní aago mẹ́jọ alẹ́ Sátidé, wọ́n á kàn mi orí ni.

Ó yá, kí lẹ ó wá jẹ?

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ilé ìdáná méjì ló wà lábẹ́ òrùlé kan yẹn. Iyọ̀, iná àti gbágùúdá ni ti Bùràsíìlì. Àgbàdo, ata àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni ti Mẹ́síkò. Ẹ bi ẹni tó ń gbé oúnjẹ pé ọmọ ibo ni alásè wọn. Kò burú, kì í bí wọn nínú, inú wọn máa ń dùn sí i ni. Bó bá jẹ́ ará Mẹ́síkò, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ tó wúwo jù lórí tábìlì wá láti ọ̀dọ̀ Mẹ́síkò. Bó bá jẹ́ ará Bùràsíìlì, ìdí iná ni kí ẹ sún mọ́.

Oúnjẹ àdàlù náà ń dùn níbi tí ọ̀kan bá ti ní ohun tí èkejì ò ní. Bí wọ́n bá kàn lẹ nǹkan méjì pọ̀ kí orúkọ lè dún dáadáa lórí mẹ́nù, owó yín ló wọgbó. Mo jẹ ọ̀kan bẹ́ẹ̀ rí nílé oúnjẹ kan tí n kò ní dárúkọ: wọ́n bu feijoada sínú búrẹ́dì pẹlẹbẹ oníyẹ̀fun, wọ́n dì í ní burrito. Ẹ̀wà olómi ni feijoada, ohun tó gbẹ ni burrito ń fẹ́ nínú. Kí n tó jẹ ẹ́ dé ìdajì, ìdí rẹ̀ ti jábọ́, omi ẹ̀wà dúdú ń ṣàn gba ìgbọ̀nwọ́ mi wọ inú apá ẹ̀wù. Ọjọ́ yẹn ni mo wọ ẹ̀wù funfun.

Èyí tó dùn nínú àdàlù náà rèé, òun ni mo bá ọkọ yín yàn: picanha lórí tortilla àgbàdo, búrẹ́dì pẹlẹbẹ àwọn ará Mẹ́síkò. Picanha ni ẹran orí ìdí màlúù, tí ọ̀rá rẹ̀ nípọn tó ìka àtàǹpàkò dúbúlẹ̀. Wọ́n á gé e ní ìpín ńláńlá, wọ́n á tẹ ìkọ̀ọ̀kan bíi lẹ́tà C kí ọ̀rá wà lẹ́yìn, wọ́n á gún un mọ́ irin. Iyọ̀ oníhóró nìkan ni wọ́n ń fi sí i. Ọ̀rá á máa yọ́, á máa rin ẹran náà títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi pọ́n bí èèpo ìṣu sísun. Ẹran yẹn dùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ló gbà dùn, bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta ẹnu á ti sú u. Ibẹ̀ ni Mẹ́síkò ti ń wúlò: tortilla gbígbóná lábẹ́, ata lílọ̀ lórí, àlùbọ́sà gígé, ewé cilantro, ọsàn wẹ́wẹ́ tí ẹ fún sí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá fi ìka méjì bu farofa oníbọ́tà sórí rẹ̀. Omi ẹran á wọnú farofa, kò ní rí ọ̀nà dé ẹ̀wù ẹnikẹ́ni.

Tortilla yẹn sì ni mo fi ń mọ ilé oúnjẹ tó mọ nǹkan tó ń ṣe. Àwa ń rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a da èérí nù fún ẹran ọ̀sìn, ó di ògì. Àwọn ará Mẹ́síkò kì í jẹ́ kó kan. Wọ́n ń fi cal sè é, ohun funfun tó ń wá láti ara òkúta tí wọ́n sun, ẹ rò ó bíi káún tí à ń fi sínú ewédú. Òun ló ń bó èèpo àgbàdo, tó ń jẹ́ kí lílọ̀ rẹ̀ lè mọ̀ mọ́ra, òun náà ló ń tú fítámì kan sílẹ̀ nínú àgbàdo tí ara ò lè rí gbà bí wọ́n bá kàn sè é lásán. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù kó àgbàdo lọ sílé láìkó ọgbọ́n cal dání, àìsàn pellagra ló fi ìyà jẹ àwọn tálákà wọn. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé tortilla dé, ẹ gbé e sí imú. Ó yẹ kó máa rùn bí àgbàdo tútù tí òjò pa. Ẹ ká a sí méjì: èyí tó dára kì í sán. Bó bá sán, inú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ló ti wá láti ilé ìtajà, ẹ padà sídìí Bùràsíìlì.

Ẹ̀yin tí ẹ ò gbọdọ̀ rí edé, tí ẹran sì lè ní ọ̀rọ̀ nínú, moqueca ẹlẹ́ja ni mo yàn fún yín. Ẹja tí wọ́n fi tòmátì, àlùbọ́sà, ata tàtàṣé, wàrà àgbọn àti epo pupa sè nínú ìkòkò amọ̀, tí wọ́n gbé e wá kó ṣì máa hó. Ti Bahia nìyẹn. Àwọn ará ìpínlẹ̀ Espírito Santo ní tiwọn lọ́tọ̀, wọn kì í fi àgbọn sí i, wọn kì í fi epo pupa sí i, wọ́n sì máa ń fi ti Bahia ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ẹ bèèrè pé ṣé omi edé kọ́ ni wọ́n fi sè é, torí alásè mìíràn ń fi orí edé se omi ọbẹ̀. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ fi ìrẹsì funfun jẹ ẹ́. Kò sí ohun tí ẹ ó jẹ níbẹ̀ tí yóò rán yín létí ọbẹ̀ ẹja ilé tó bẹ́ẹ̀. Fún àwọn ìbejì, pão de queijo: búrẹ́dì róbótó tí wọ́n fi sítáàsì gbágùúdá àti wàràkàṣì ṣe. Kò sí ẹran nínú rẹ̀, ó ń fà bí gọ́ọ̀mù nínú. Ẹ má fún wọn ju mẹ́ta lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ò ní jẹ nǹkan mìíràn.

Ó ku ìyá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ṣáájú pé àwọn ará Bùràsíìlì, yàtọ̀ sí àwọn ará Bahia, kì í fi ata se oúnjẹ tó bẹ́ẹ̀. Bí ìyá bá fi ẹran oníyọ̀ yẹn sẹ́nu láìsí ata, wọ́n á ní wọ́n gbàgbé láti sè é ni. Ẹ bá wọn bèèrè salsa habanero. Habanero ni àwọn ará Yucatán ní Mẹ́síkò ń pe ata inú rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ló sì jẹ́ pẹ̀lú ata rodo wa, láti òórùn dé ìta rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi jalapeño tan ìyá. Lórí ìwọ̀n Scoville tí wọ́n fi ń wọn ata, jalapeño wà láàárín 2,500 sí 8,000, habanero wà láàárín 100,000 sí 350,000. Bí ó bá sì jẹ́ àkàrà ni ìyá ń jẹ, tí wọ́n bá bi wọ́n pé ṣé "quente" ni tàbí "frio", gbígbóná tàbí tútù nìyẹn, kì í ṣe ti iná. Ata ni wọ́n ń bèèrè. Kí ìyá wí pé "quente", kí wọ́n sì di tábìlì mú.

Bí ìyá bá ní ẹ̀gúsí ń wu àwọn, pipián verde wà lórí mẹ́nù mìíràn: hóró elégédé lílọ̀ tí wọ́n fi ata tútù sè, wọ́n ń dà á sórí adìyẹ. Kò ní ẹ̀fọ́, kò sì ní irú, ṣùgbọ́n ahọ́n á mọ ìbátan rẹ̀. Ẹ tún bi wọ́n bóyá manteca wà nínú rẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tó jọ ti ilé níbẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà tí kò fi nǹkan pamọ́. Wọ́n á gbé ìgò ńlá kan dé, omi pupa rẹ́súrẹ́sú pẹ̀lú yìnyín, wọ́n á ní agua de jamaica. Zobo ni. Òdòdó ìṣápá pupa yẹn gan-an, wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n fi ṣúgà sí i. Kò ní atalẹ̀ tó ti ilé, ìyókù kò yàtọ̀. Caipirinha kì í ṣe tiyín, ọtí ìrèké ló wà nínú rẹ̀. Limonada suíça ni kí ẹ gbà dípò rẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n lọ̀ pẹ̀lú èèpo àti mílíìkì oníṣúgà.

Ẹ wò ó bóyá rodízio ni wọ́n ń ṣe. Ìyẹn ni pé iye kan lẹ ó san, wọ́n á máa gbé ẹran lórí irin yí tábìlì ká. Káàdì olójú méjì á wà níwájú yín. Aláwọ̀ ewé ń sọ pé kí wọ́n máa gbé e bọ̀, pupa ń sọ pé kí wọ́n dúró ná. Nílé tí mo ti ṣiṣẹ́, ẹran adìyẹ la kọ́kọ́ ń rán jáde, torí òun ló pọ́ọ́kú jù. Picanha máa ń dé lẹ́yìn tí ikùn ti kún. Ẹ yí káàdì sí pupa títí ẹ ó fi rí èyí tí ẹ fẹ́. Bí ẹni tó gbé irin bá fi ọ̀bẹ là á láti òkè, ẹ fi ẹ̀mú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo di etí rẹ̀ mú. Bí ẹ bá fi ọwọ́ mú un, á jó yín. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé nítorí ọ̀bẹ ni ẹ ṣe ní kí wọ́n gé tiyín láti inú, ó sàn kí ẹ má san owó rodízio rárá, ẹ ra oúnjẹ ní ẹyọ ẹyọ.

Ti owó kò gùn. Bí oúnjẹ yín bá jẹ́ $200, owó orí Houston, 8.25%, á fi $16.50 lé e. Ẹ̀bùn ẹni tó gbé oúnjẹ, 20%, jẹ́ $40. Ó di $256.50. Ẹ má fi ojú àṣejù wo ẹ̀bùn yẹn: ní Texas, òfin gba agbanisíṣẹ́ láyè kó san $2.13 péré ní wákàtí kan fún ẹni tó ń gba ẹ̀bùn, ọwọ́ yín ni ìyókù wà. Ẹni tó ti rìn lọ bi alásè nípa edé lẹ́ẹ̀mẹta nítorí yín, ó yẹ kí ẹ ṣe é lóore. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìṣirò dáadáa ṣá, wọ́n lè ti fi ẹ̀bùn kún un bí ẹ bá pọ̀ lórí tábìlì.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé. Bó bá ṣe rodízio lẹ ṣe, ọ̀pọ̀ wọn kì í jẹ́ kéèyàn di àjẹkù lọ sílé. Ẹ bá mi sọ fún ìyá, tìfẹ́tìfẹ́, kí wọ́n fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù inú báàgì yẹn sílẹ̀ nínú mọ́tò.